Adìẹ ń Làágùn, Ìyẹ́ Ni Kò Jẹ́ Ká Mọ̀

Àbẹ̀kẹ́, jókòó síbí. Má sọ pé o fẹ́ lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Ẹni tó ń wo ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ti kí ọ kú ewu ọ̀nà, mo ti kí ọ kú ìnáwó, mo sì ti ṣàdúrà pé ọwọ́ tó ra òbúkọ àti adìẹ fún ìkómọ ọmọ àbúrò rẹ kò ní gbẹ. Àdúrà ti parí. Ìbáwí ló kù, o ò sì ní jẹun kí n tó bá ọ wí tán.

Ta ló sọ fún ọ pé inú búùtù mọ́tò ni òbúkọ ń wọ̀ láti Èkó wá sí Ìbàdàn? O di ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, o gbé e lé orí sípéà táyà, o pa ìdérí dé mọ́ ọn lórí, o wá tan ẹ́síì fún ara rẹ níwájú. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ mú yín lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ ra gàlà, ẹ ra omi tútù, kò sí ẹni tó rántí pé ẹlẹ́mìí kan wà lẹ́yìn tí kò rí atẹ́gùn. Nígbà tí a ṣí i, ahọ́n rẹ̀ ti yọ síta, kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Èmi ké, ìwọ rẹ́rìn-ín. O ní, "Ẹ̀yin Àǹtí náà, ṣebí a máa pa á lọ́la náà ni?"

Gbólóhùn yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ jà lé lórí. Torí pé a máa pa á! Ìwọ àti èmi ńkọ́, ta ni kò ní kú nínú wa? Ṣé nítorí pé ikú ń bọ̀ wá mú mi ni kí ẹ fi dì mí tọwọ́ tẹsẹ̀, kí ẹ gbé mi sínú búùtù? Pípa lọ́tọ̀, ìfìyàjẹ lọ́tọ̀. Pípa ní ìdí: a fẹ́ jẹ ẹran. Gbogbo wákàtí tí òbúkọ yẹn fi ń jà fún ẹ̀mí rẹ̀ nínú òkùnkùn, kí ni wọ́n wà fún? Wọn ò fi adùn kún ọbẹ̀, wọn ò dín owó epo mọ́tò kù. Ìyà tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, tí a kàn fi ń jẹ ẹ̀dá nítorí pé kò lẹ́nu tó máa fi ṣẹjọ́, òun ni mò ń pè ní ìkà.

Má sì lọ ṣì mí gbọ́ o. N ò ní kí o má jẹ ẹran. Èmi tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ń sun àsun lẹ́yìn ilé, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè bóyá ata rẹ̀ ti tó? Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹran sílẹ̀, kó fi í sílẹ̀, n ò bá a jà. Èmi ò ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ ẹran ló yẹ kó bọ̀wọ̀ fún un jù, nítorí òun ló gba ẹ̀mí rẹ̀.

Jẹ́ ká sọ ti adìẹ tí ẹ kó wá, tí ọlọ́kadà so ẹsẹ̀ wọn mọ́ ọwọ́ alùpùpù, tí orí wọn ń fì nílẹ̀ láti gáréèjì títí dé ẹnu géètì. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Dókítà ẹran máa sọ fún ọ pé adìẹ ò tilẹ̀ ní ibi tí òógùn ti ń jáde lára. Ẹnu ló ń là hàà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí ooru ara rẹ̀ lè rọlẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná ju tìrẹ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀: nǹkan bíi dígírì 41 ni nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. N ò ní torí ìyẹn bá àwọn àgbà jiyàn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìyà ń jẹ ẹ, o ò kàn rí i ni. O rí adìẹ tó lanu, o rò pé òùngbẹ lásán ni.

Fetí sílẹ̀ dáadáa. Èmi àti ìwọ ní awọ kan nínú ara tó pààlà sáàrín àyà àti ikùn. Adìẹ ò ní in. Bí o bá dorí rẹ̀ kodò, ìfun, ẹ̀dọ̀ àti iwe á rọ́ lu àwọn àpò atẹ́gùn tó fi ń mí. Ìyẹn ni pé gbogbo ọ̀nà tó fi dorí kodò yẹn, èémí ló ń wá. Ti adìẹ àgíríìkì tilẹ̀ tún burú sí i. Láàrín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ti bọ́ ọ tó fi sanra, ara rẹ̀ wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ wá fi ẹsẹ̀ ọ̀hún so ó rọ̀. Eegun á yẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dì sí itan. Ìwọ náà lo sì máa kọ́kọ́ pariwo pé itan lo fẹ́. Àgò tí ìyá mi fi ń kó adìẹ lọ sọ́jà kò wọ́n. Páálí tí wọ́n dá ihò sí lára kò wọ́n. Bí kò bá sí èyíkéyìí, gbá adìẹ mọ́ra, fi ọwọ́ kan di ìyẹ́ rẹ̀ mú, jẹ́ kí orí rẹ̀ wà lókè. Ṣé ìyẹn le?

Òwe kan wà tí o ti gbọ́ láti kékeré, mo mọ̀, torí èmi ni mo pa á fún ọ: ẹni tó fẹ́ fi ọ̀pá ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ẹyẹ ni wọ́n dárúkọ o, wọn ò dárúkọ ọba, wọn ò dárúkọ olówó. Ọmọ ẹyẹ tí kò tíì hu ìyẹ́, tí kò lè fò, tí kò lè gbẹ̀san. Wọ́n mú ẹ̀dá tó kéré jù lọ tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, wọ́n ní ibẹ̀ ni kí o ti wọn ara rẹ wò. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ rẹ ń sọ níjọ́sí pé ọ̀rọ̀ àánú ẹran yìí, àṣà òyìnbó ni, mo kàn ń wò ó ni. Àna mi ni, mi ò fẹ́ dójú tì í níwájú àlejò. Ìwọ ni n ó sọ fún, kí o bá mi jíṣẹ́.

Sọ fún un pé òyìnbó kò bí i mọ́ra. Àwọn ará London tí à ń pọ́n lé yìí, nígbà kan, eré ìdárayá ni kí wọ́n so akọ màlúù mọ́lẹ̀ kí wọ́n tú ajá sí i, kí wọ́n sì máa fi owó ta tẹ́tẹ́ lórí àkùkọ tó ń jà. Ọkùnrin kan láti Galway ní Ireland, Richard Martin, ló gbé ọ̀rọ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pé kó má ṣe sí ẹni tó ń fi ìyà jẹ ẹṣin, màlúù àti àgùntàn mọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fara dà á, òfin náà sì wọlé ní ọdún 1822. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹranko sílẹ̀ ní London, èyí tí Ọbabìnrin Victoria fi orúkọ ọba kún lọ́dún 1840, tí wọ́n ń pè ní RSPCA títí dòní. Ọdún 1835 ni òfin wá ka eré akọ màlúù àti ìjà àkùkọ léèwọ̀. Ṣé o rí i? Wọ́n kọ́ ọ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jiyàn, wọ́n wá kọ́ ọ. Ohun tí èèyàn kọ́ kì í ṣe ti ẹ̀yà kankan.

Àwa pàápàá ní òfin tiwa. Ó dà bíi pé o ò mọ̀. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀ka 495, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn lu ẹran lọ́nà ìkà, kó ta á nípàá, kó di ẹrù lé e ju agbára rẹ̀ lọ, kó dá a lóró, kó dẹ́rù bà á. Gbígbé ẹran rìnrìn àjò lọ́nà tí ìyà tí kò yẹ á fi jẹ ẹ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí owó ìtanràn. Ó yá, mélòó lo rò pé owó ìtanràn náà jẹ́? ₦50! Rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín. Owó tí ọmọdé ò ní gbà lọ́wọ́ rẹ mọ́ láti fi ra bisikíìtì. Ní England náà, oṣù mẹ́fà ni ẹ̀wọ̀n tó ga jù lọ fún ẹni tó bá hùwà ìkà sí ẹranko títí di ọdún 2021, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọdún márùn-ún. Àwa ṣì wà lórí ₦50. Òfin kò kú, oorun ló ń sùn, àwọn tó yẹ kó jí i náà sì wà níbi tí wọ́n ti ń so adìẹ mọ́ ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Bí ìyà ẹran ò bá dùn ọ́, ó yẹ kí owó rẹ dùn ọ́. Ìwọ tó o ń se oúnjẹ òde, o ti ra ẹran màlúù rí tó dúdú, tó le gbagidi, tó sì ti ń rùn kí ilẹ̀ tó ṣú. O bú alápatà. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí nìyí. Nínú iṣan ẹran tó sinmi, ṣúgà kan wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá pa á tán, ṣúgà yẹn á máa di ohun kíkan díẹ̀díẹ̀, ìkíkan ọ̀hún ni kì í jẹ́ kí ẹran tètè bàjẹ́, òun ló sì ń fún un ní àwọ̀ pupa tó dára. Ẹran tí wọ́n ti fìyà jẹ, tí ebi ti pa, tí ẹ̀rù ti bà fún ọjọ́ méjì, ti ná ṣúgà náà tán kí ọ̀bẹ tó kàn án. Kò sí ohun tó máa kan. Ẹran á dúdú, á le, á tètè bàjẹ́. Ìkà tí wọ́n ṣe lójú ọ̀nà ló wá jókòó sínú ìkòkò rẹ.

Ṣé o mọ bí ọ̀nà ọ̀hún ṣe jìn tó? Láti Kánò dé Èkó tó nǹkan bíi 1,000 kìlómítà. Nínú tírélà ni wọ́n ń kó wọn, wọ́n á fi okùn di ìwo mọ́ irin, ìdúró ni títí, nínú oòrùn, nínú òjò. Èyí tó bá ṣubú, àwọn yòókù á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá dé odò ẹran, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, ìrù ni wọ́n á ká títí egungun ìrù á fi dún. Wọ́n á wọ́ ọ kọjá lára èyí tí wọ́n ti dúńbú, á máa wo ẹ̀jẹ̀, á máa gbóòórùn rẹ̀, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Kì í ṣe pé àwọn alápatà burú, mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn tó jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ nílé. Bí ọwọ́ bá ti ń ṣe nǹkan lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni ò bá a wí, ojú á dẹ́kun rírí i. Àwa tí à ń ra ẹran ló yẹ ká máa bèèrè. Alápatà tó bá mọ̀ pé oníbàárà òun máa ń béèrè bí wọ́n ṣe pa ẹran, ó dájú pé á pọ́n ọ̀bẹ.

Ọ̀bẹ tún rán mi létí. Ọkọ rẹ tó ní àṣà òyìnbó ni, ṣebí Mùsùlùmí òdodo ni? Ní kó lọ bèèrè lọ́wọ́ ààfáà rẹ̀. Ànábì pa á láṣẹ pé bí ẹ bá máa pa ẹran, ẹ pa á dáadáa, ẹ pọ́n ọ̀bẹ, ẹ má jẹ́ kí ẹran jẹ̀rora. Wọ́n tún kọ́ wa pé obìnrin kan wọ iná nítorí ológbò tó tì mọ́lé, tí kò fún lóúnjẹ, tí kò sì tú sílẹ̀ kó lọ wá oúnjẹ ara rẹ̀. Ẹlòmíràn sì rí ìdáríjì gbà nítorí pé ó fi bàtà fa omi nínú kànga fún ajá tí òùngbẹ ń pa kú lọ. Ajá o! Ìwọ náà, má máa yọ̀ ọ́, ìwọ tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé Òwe nínú Bíbélì tìrẹ sọ pé olódodo a máa tọ́jú ẹ̀mí ẹran rẹ̀. Òfin Mósè sọ pé kí wọ́n má ṣe di màlúù lẹ́nu nígbà tó bá ń pa ọkà, kí òun náà lè bù jẹ níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Báláámù na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà, ta ni áńgẹ́lì bá wí? Ṣé kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni? Ẹ̀sìn méjì wà lábẹ́ òrùlé yín, méjèèjì ló sì ń bá ẹni tó ni búùtù wí.

Mu omi díẹ̀, mi ò tíì parí. Ó kan ajá tí ẹ fi ń ṣọ́ ilé. Ṣéènì tí kò gùn tó apá mi ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀, oòrùn ń pa á lórí, èéfín ń wọ̀ ọ́ nímú, ibi tó ń sùn náà ló ń yàgbẹ́ sí. Mẹ́gáàdì yín wá ń fún un ní ata kó lè rorò. Ta ló sọ fún yín pé ajá tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ló ń ṣọ́ ilé dáadáa? Ajá tí ẹ̀rù ń bà kì í mọ olè yàtọ̀ sí ọmọ onílé. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn ni yóò gé jẹ. Ajá bàbá wa, Tanímọ̀la, kò mọ ṣéènì. Ó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá bàbá lọ sóko, kò sì sí ìsáǹsá tó jẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa kọjá lóru.

Mo sì bi ọ́ pé ìgbà wo ni wọ́n gún ajá yín lábẹ́rẹ́ kẹ́yìn. O ń wo òkè àjà. Àbẹ̀kẹ́, dìgbòlugi kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 èèyàn lọ́dún, ní Áfíríkà àti Éṣíà ló pọ̀ jù, nínú èèyàn mẹ́wàá tó ń pa, bíi mẹ́rin ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ajá ló ń kó gbogbo rẹ̀ ran èèyàn. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ẹni tí ajá gé jẹ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ dókítà. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni ni kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, kì í ṣe kí wọ́n fi epo àti irun ajá lẹ̀ ẹ́. Níbí yìí, ní Mókọ́lá tiwa, lọ́dún 1968, àwọn onímọ̀ rí kòkòrò àrùn kan lára asín, ẹbí kan náà ni òun àti dìgbòlugi. Mókọ́lá ni gbogbo àgbáyé ń pè é títí dòní. Àwa tí wọ́n fi orúkọ àdúgbò wa pe ẹbí dìgbòlugi, ṣé àwa ló tún yẹ kí wọ́n máa bẹ̀ ká tó gún ajá lábẹ́rẹ́?

Kí ni àwọn aládùúgbò ń ṣe dípò rẹ̀? Òkò. Májèlé nínú ẹran. Wọ́n á pa ajá ìgboro, wọ́n á ní àwọn ti gba àdúgbò là, òmíràn á sì ti wọlé láti àdúgbò kejì kí oṣù tó parí. Bí wọ́n bá gún ajá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìlú kan, tí wọ́n sì ń tún un gún, dìgbòlugi ò ní rí ọ̀nà gbà láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Ibí yìí ni àánú ẹran àti ìlera ọmọ rẹ ti pàdé. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni Àyájọ́ Dìgbòlugi Lágbàáyé, ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn dókítà ẹran máa ń gún ajá lọ́fẹ̀ẹ́ ní àsìkò yẹn. Fóònù rẹ tó máa ń sọ fún ọ nípa ọjọ́ ìbí àwọn òṣèré, jẹ́ kó rán ọ létí èyí náà.

Ológbò ńkọ́? Mo gbọ́ ohun tí ẹ ṣe sí ológbò dúdú tó wọ inú ọgbà yín. Ẹ ní àjẹ́ ni. Ẹ kó igi, ẹ kó pẹtiróòlù. Ẹ̀dá tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú, tó ń wá eku kiri lóru nítorí pé òru ni ojú rẹ̀ ń ríran dáadáa, òun lẹ sọ di ìyá ẹnìkan ní abúlé. Ẹ wá pa á tán, ẹ ń sunkún eku nínú ilé ìdáná. Eku ló sì ń gbé ibà Lassa kiri, ibà tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno lọ́dún 1969, tó wá di àlejò ọdọọdún ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. N ò ní ológbò nìkan ló máa gbà wá lọ́wọ́ ibà. Ìmọ́tótó ni àkọ́kọ́. Mo kàn ń wo ọgbọ́n ẹni tó sun ọdẹ rẹ̀ níná, tó wá ń ra oògùn eku.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé Fẹ́mi ọmọ yín wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún méje dúró, ó ń wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń sun ẹ̀dá láàyè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà lẹ máa wá bi mí lọ́la pé kí ló dé tí ọmọ yìí ń lu ọmọ ọlọ́mọ níléèwé. Ọmọdé máa ń so òwú mọ́ ìrù lámilámi, á máa fi kátápọ́ọ̀tù ta alángbá. Àìmọ̀ ni, kì í ṣe ìkà. Àgbà tó wà nítòsí ló ń sọ ọ́ di ìkà bó bá rẹ́rìn-ín, òun náà ló sì ń sọ ọ́ di àánú bó bá ní, "Tú u sílẹ̀, ṣé ìwọ á fẹ́ kí wọ́n so ọ́ báyìí?" Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Ìyá rẹ sọ ọ́ fún mi lórí àdàbà kan nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò gbá mi, kò nà mí, ó kàn sọ ọ́, mo sì tú àdàbà sílẹ̀. Lónìí, ta ló lọ bu omi fún òbúkọ yẹn nígbà tí ẹ̀yin àgbà ń kó ẹrù wọlé? Fẹ́mi ni. Ẹnikẹ́ni ò rán an. Ó jókòó tì í, ó ń fi páálí fẹ́ ẹ. Ọmọ yẹn ṣì mọ ohun tí ẹ ti gbàgbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ́ ọ kó gbàgbé.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé, "Àǹtí, èèyàn gan-an ń jìyà nílùú yìí. Ìrẹsì wọ́n, iná ò sí, àwọn ajínigbé wà lójú ọ̀nà, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ adìẹ." Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fi ṣeré. Ṣùgbọ́n àánú kì í ṣe gàrí inú kóńgò tó jẹ́ pé bí o bá bù fún adìẹ, ti èèyàn á dín. Ẹni tó bá ń lò ó ló ń ní in sí i. Wo àwọn tó ń fi ìyà jẹ ọmọ ọ̀dọ̀, ṣé nítorí pé àánú wọn ti tán sọ́dọ̀ ajá ni? Ohun tó jẹ́ kí èèyàn lè fìyà jẹ ọmọ ọ̀dọ̀ náà ló jẹ́ kó lè di òbúkọ sínú búùtù: ó wà lọ́wọ́ mi, kò lè ṣe mí ní nǹkan kan, ta ló máa bi mí? Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè lórí òbúkọ, nígbà tí kò sí ẹlẹ́rìí, ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo agbára lórí ẹni tí kò ní. Bí a bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó fẹ́ ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá, tó fẹ́ ṣe gómìnà, ọkàn mi á balẹ̀ sí i ju sí ẹni tó kàn ń pín ìrẹsì lọ.

Má sì sọ fún mi pé owó ni. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ló gba owó ńlá nínú rẹ̀? Omi nínú abọ́. Ìbòòji. Okùn tó gùn. Ọ̀bẹ mímú. Wíńdò tó ṣí. Àwọn ọlọ́sìn ẹran ńlá náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn láti gbọ́: ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012 ni wọ́n ti fòfin de kéèjì ìgbàanì tí àyè adìẹ kan nínú rẹ̀ kò fẹ̀ tó ìwé pélébé kan tí wọ́n fi ń tẹ̀wé nínú ọ́fíìsì. Níbí, inú irú kéèjì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹyin tí à ń jẹ ti ń wá. Àwọn tó ni oko ńlá ni ìyẹn kàn, wọ́n sì máa náwó kí wọ́n tó lè tún un ṣe. Tìrẹ kò tó bẹ́ẹ̀. Tìrẹ ni ohun tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ lónìí.

Nítorí náà, gbọ́ àṣẹ mi, kí o sì lọ jẹun. Òbúkọ yẹn kò ní kú lọ́la. Ó máa sinmi títí di ọ̀túnla, á jẹ ewé, á mu omi, lábẹ́ igi máńgòrò. Àbúrò rẹ lè fi adìẹ ṣe ìkómọ, kò sí ẹni tó máa bú u. Alápatà tó ń bọ̀ kò gbọdọ̀ wá pẹ̀lú ọ̀bẹ kúkú, kò sì gbọdọ̀ pọ́n ọn níwájú ẹran. Bí ẹ bá padà sí Èkó, ṣéènì ajá yẹn máa gùn sí i, ibùsùn rẹ̀ máa kúrò lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, dókítà ẹran á sì gún un lábẹ́rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Sọ fún mẹ́gáàdì pé ọbẹ̀ ni wọ́n ń fi ata sè. Bí o bá tún fẹ́ gbé ẹran wá, bẹ ọlọ́kọ̀ tó ní ẹ̀yìn gbalasa, tó ní ìbòrí, sanwó fún un. Owó gàlà tí ẹ jẹ lójú ọ̀nà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o.

Àti pé kí o má rò pé mo máa gbàgbé, tàbí pé màá gba "a ti ṣe é, Àǹtí" gbọ́ lórí fóònù. Mi ò ní bi ìwọ, mi ò sì ní bi ọkọ rẹ. Fẹ́mi ni n ó máa pè. Ọmọ yẹn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ fún mi.